Ọkọ Mi Ní Ká Ra Èyí Tí Kò Ní Bátìrì

Ìwọ tí o fẹ́ ka èyí, rọra. Bí ìwọ àti ẹnì kan bá jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí onítọ̀hún sì mọ̀ ọ́n ṣe jù ọ́ lọ, ti ilẹ̀kùn kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ojú a máa sọ ohun tí ẹnu fi pa mọ́. Ẹni tó bá ń wò ọ́ bí o ti ń kà á lè rí ohun tí o kò fẹ́ kó rí.

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bàbá Pọ́ńpù ló ni fóònù tó gba ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ àti pọ́ńpù ló ń tún ṣe, ó ti lé lógún ọdún. Ẹ̀rù ló mú un sọ fún fóònù náà pé kó máa gba gbogbo ìpè sílẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn ń sọ ohun kan lónìí, wọ́n ń sẹ́ ẹ lọ́la.

Ọ̀sán gangan ni. Ó wà nínú ilé pọ́ńpù, létí oko ata ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wà nílùú, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan sólà. Ọkọ̀ tó máa kó ẹrù ń dúró níta. Epo jẹnẹrétọ̀ ti ká wọn lọ́wọ́ kò, ata sì ti ń rọ. Bí wọ́n bá gbé ìnfátà, àpótí tó ń sọ iná páńẹ̀lì di èyí tí ẹ̀rọ lè lò, tí kò yẹ wálé, pọ́ńpù á jóná, ata á kú. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe ara wọn.

[Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbé e.]

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Hẹ́lò.

ÌYÀWÓ: Hẹ́lò, Bàbá wọn, ẹ kú ọ̀sán o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn—

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Kú ìrìn. Kú ọjà. O ti rà á?

ÌYÀWÓ: Ẹ ò jẹ́ n kí yín tán. Ṣé ẹ ti jẹun?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mo ti jẹun. O ti rà á?

ÌYÀWÓ: A ti di páńẹ̀lì sínú ọkọ̀. Mẹ́jọ. Wọ́n fi páálí sáàárín wọn kí wọ́n má baà fọ́. Ìnfátà ló kù.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ìnfátà ò le. Irú ti télọ̀ àdúgbò wa ni kó o mú. Èyí tó ní bátìrì méjì. Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu dídùn—

ÌYÀWÓ: Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Èmi ń gbọ́ ẹ. Ìwọ ni o ò gbọ́ mi. Mo ní irú ti télọ̀!

ÌYÀWÓ: Ẹnjinníà tó wà níbí ní ti télọ̀ kọ́ ló yẹ wá. Ó ní iná inú ilé ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, gílóòbù, ẹ̀rọ ìránṣọ, kí èèyàn fi lọ aṣọ. Ó ní pọ́ńpù kì í ṣe gílóòbù.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ó mọ̀ pé pọ́ńpù kì í ṣe gílóòbù. Ó káre. Ilé ìwé wo ló ti kọ́ ìyẹn?

ÌYÀWÓ: Bàbá wọn.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mò ń bèèrè ni.

ÌYÀWÓ: Ó ní tí pọ́ńpù bá fẹ́ dìde nílẹ̀, iná tó máa fà á tó ìlọ́po mẹ́ta, mẹ́rin, èyí tó ń fà tó bá ti ń sáré. Ìnfátà ilé á kàn ké pín-ín, á kú. Tí kò bá sì kú, bátìrì méjì yẹn, kí n tó dé ìdajì oko, pọ́ńpù ti mu wọ́n gbẹ.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Kí la wá máa fi gbé e? Ẹnu?

ÌYÀWÓ: Ó ní irú kan wà tó jẹ́ ti pọ́ńpù nìkan. Kò ní bátìrì rárá. Direct ni. Iná á ti ara páńẹ̀lì wọ inú rẹ̀, á jáde sí pọ́ńpù. Kì í ta pọ́ńpù jí lójijì, ó máa ń jí i díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí ẹni tó ń jí àna rẹ̀.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: [Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò kọjá eyín.] Ìnfátà tí kò ní bátìrì. Ìkòkò tí kò nídìí. Tí ojú ọ̀run bá ṣú ńkọ́?

ÌYÀWÓ: Omi á kéré, àmọ́ á máa wá. Tí oòrùn bá tún yọ, pọ́ńpù á tún gbéra.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Lálẹ́ ńkọ́?

ÌYÀWÓ: Ó ní ta ló ń bomi rin ata lálẹ́. Ká máa fi ọ̀sán fa omi sínú táǹkì. Ó ní táǹkì wa ni bátìrì wa.

[Páànù ilé ń ta nínú oòrùn, tá, tá.]

ÌYÀWÓ: Hẹ́lò? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

ÌYÀWÓ: Pé kí ni?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Pé táǹkì ni bátìrì.

ÌYÀWÓ: Ẹnjinníà ni.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ọ̀rọ̀ gidi ni. [Ó jọ pé ó dùn ún láti sọ ọ́.] Kí lorúkọ ẹ̀?

ÌYÀWÓ: Ẹnjinníà ni gbogbo wọn ń pè é.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ìyá ẹ̀ ò sọ ọ́ lórúkọ?

ÌYÀWÓ: Bàbá wọn, ọkọ̀ ń dúró. Dẹ́rẹ́bà ti fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì.

[Fèrè ọkọ̀ dún, ó gùn.]

ÌYÀWÓ: Ẹ gbọ́? Ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ó ní kẹ́ ẹ bá wa ka ohun tí wọ́n kọ sára pọ́ńpù. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Kí ni màá tún kà? Two horse ni. Gbogbo ayé mọ̀ pé two horse ni.

ÌYÀWÓ: Ó ní họ́ọ̀sì nìkan ò tó. Amps ló ń wá. Ó ní họ́ọ̀sì ni ọjọ́ orí ẹ̀rọ, amps ni oúnjẹ tó ń jẹ, àti pé ẹni tó fẹ́ gbàlejò kì í bèèrè ọjọ́ orí àlejò, iye tó máa jẹ ló ń bèèrè.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ẹnjinníà ni àbí akéwì?

ÌYÀWÓ: Ó kàn ń ṣàlàyé kó lè yé mi ni. Ó sì yé mi.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Tèmi ò yé ẹ rí?

ÌYÀWÓ: Tiyín, ẹ̀yin kì í ṣàlàyé. Ẹ máa ń ní kí n kúrò níwájú iná tẹ́ ẹ fi ń ríran.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Nítorí pé o máa ń dúró síwájú ẹ̀! [Ó mí kanlẹ̀.] Irin yẹn ò ṣeé kà. Ọ̀dà ti bò ó.

ÌYÀWÓ: Ó ní kẹ́ ẹ rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, kẹ́ ẹ fi nù ún. Ó ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé yẹn ò ní le, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ kùn ún.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ta ló sọ fún un pé aláwọ̀ ewé ni?

ÌYÀWÓ: Ẹn... èmi ni.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ìwọ. Ìwọ tí o kì í wọ ilé pọ́ńpù nítorí aláǹgbá.

ÌYÀWÓ: Mo máa ń yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Láti ẹnu ọ̀nà lo ti rí i pé ẹ̀ẹ̀kan péré la kùn ún?

ÌYÀWÓ: Bàbá wọn, mo bẹ̀ yín. Ata ń rọ. Ẹ nù ún.

[Ó ń nu irin. Àkísà ń dún ṣìọ̀, ṣìọ̀. Lọ́dọ̀ ìyàwó, ọkùnrin kan sọ nǹkan ní ohùn jẹ́jẹ́. Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Àkísà dúró.]

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?

ÌYÀWÓ: Kò sí nǹkan kan. Àga ni. Àga tí wọ́n gbé fún mi, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló ní.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ó gbé àga fún ẹ.

ÌYÀWÓ: Mo ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀!

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ó sì bu omi fún ẹ.

ÌYÀWÓ: Omi tútù ni. Ṣé kí n má mumi ni?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mu ún. Mu ún yó. Èmi wà nínú oóru, mò ń fi kẹrosíìnì nu irin fún ẹni tí mi ò mọ̀. Mu omi tìẹ.

ÌYÀWÓ: Ẹ ti rí i kà?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Dúró. Ojú mi. [Ó ń kà á bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.] Ó kọ... igba ó lé ogún. Ìyẹn ni fóòtì iná. Ó tún kọ ọ̀kan, àmì, márùn-ún, agbára ẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà... mọ́kànlá. A ló wà níwájú ẹ̀. Amps mọ́kànlá.

[Ìlà ń ké: krr, krr.]

ÌYÀWÓ: Mọ́kàn... kí lẹ ní?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mọ́kànlá! Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Network yìí. Mọ́kàndínlógún?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mọ́kànlá! Ẹ̀wá àti ọ̀kan! Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo ti gbọ́, mọ́kànlá. [Ó yíjú kúrò lẹ́nu fóònù.] Mọ́kànlá ni o. [Ó padà.] Wọ́n ní kẹ́ ẹ tún un kà dáadáa.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Wọ́n?

ÌYÀWÓ: Ẹn?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Láti ìgbà tá a ti wà lórí fóònù, “ó ní, ó ní”. Ní báyìí “wọ́n ní”. Wọ́n ti di mélòó?

ÌYÀWÓ: Ẹnu mi ló ṣì.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ẹnu ẹ kì í ṣì. Ìwọ tó o pe ọ̀gá báńkì ní “ó” lójú ọ̀gá báńkì. Ta lò ń bọ̀wọ̀ fún nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn?

ÌYÀWÓ: Ẹnjinníà náà ti dàgbà díẹ̀ ni—

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ó dàgbà lójijì? Láàárín ìgbà tí mo fi nu irin?

[Krr. Krr.]

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: ...ò dá... Bàbá w...

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ṣé o gbọ́ mi? Má fi network bojú o!

ÌYÀWÓ: Mò ń gbọ́! Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ká máa lọ, dẹ́rẹ́bà ti— [Ó fi ọwọ́ bo fóònù. Ọwọ́ náà ò bò ó tán.] Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé èyí tó tóbi yẹn wá, kí n fi ojú wò wọ́n pọ̀.

[Nínú ilé pọ́ńpù, àkísà bọ́ sílẹ̀. Kò dún tó nǹkan, àmọ́ fóònù gbọ́ ọ.]

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Kí lo pè é?

ÌYÀWÓ: Pe ta?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Etí mi ò tíì di. Fóònù yìí sì ń gba ohùn sílẹ̀. Kí lo pe ọkùnrin yẹn?

ÌYÀWÓ: Mi ò pe—

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: “Ọkọ mi.” O ní “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́.”

ÌYÀWÓ: Yéè.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Má ké yéè. Èmi ni yéè tọ́ sí. Ọdún méjìlélógún nínú ilé kan! O jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ò ń mu omi tútù, ò ń pe oníṣọ́ọ̀bù lọ́kọ!

ÌYÀWÓ: Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá wọn, ẹ jẹ́ n—

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ọkọ mélòó lo ní? Sọ fún mi, kí n lè mọ ipò tí mo wà. Ṣé èmi lọkọ tó ní bátìrì, àbí èyí tí kò ní?

[Ìyàwó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé e mì. Ó dún bí ẹni tó fẹ́ sín.]

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ó tún ń rẹ́rìn-ín!

ÌYÀWÓ: Mi ò rẹ́rìn-ín. Bàbá wọn, ẹ fara balẹ̀ rò ó. Ẹni tí mo pè ní ọkọ mi, tí mo sì tún fi “ẹ” bá sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ẹ̀yin alára, ta ni mò ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún láyé yìí?

[Páànù ń ta, tá, tá.]

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Rárá.

ÌYÀWÓ: Ẹ rò ó.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mo ní rárá. Rárá o.

ÌYÀWÓ: Ilé ọkọ ni mo ti bá wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n, ìwé ò kúrò lábíyá wọn, ni mo fi ń pè wọ́n ní Akọ̀wé. Àwọn ni wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí mo dé. Mo ti gbìyànjú láti pè wọ́n ní “ó” lẹ́nu fóònù yìí, òógùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mí. Ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Akọ̀wé.

ÌYÀWÓ: Àwọn ni. Àbúrò yín. Ọmọ ìyá yín. Àwọn ni wọ́n ni ṣọ́ọ̀bù.

[Bàbá Pọ́ńpù jókòó lórí nǹkan kan. Nǹkan náà han.]

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ì bá sàn kó jẹ́ àlè.

ÌYÀWÓ: Bàbá wọn!

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ì bá sàn. Àlè, mo lè nà án.

ÌYÀWÓ: Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo yà kí n tó dé ibí. Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni gbogbo wọn fẹ́ tà fún mi. Kò sẹ́ni tó bi mí pé báwo ni kànga ṣe jìn, báwo ni táǹkì ṣe ga. Àfi Akọ̀wé, àwọn ni wọ́n bèèrè. Kí ni kí n ṣe?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Kó o padà wálé.

ÌYÀWÓ: Kí ata máa mu kí ni? Ìbínú?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà tá a ti ń gbé láìsí i, ilé ò wó.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin lẹ lé wọn kúrò ní ṣẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ ti jọ ń ṣiṣẹ́.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mi ò lé e. Mo ní kó máa lọ síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Jẹnẹrétọ̀ alágbàfọ̀! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ tì í, eruku dúdú dé inú eyín mi. Òun dé, kò tíì bọ́ bàtà, ó fọwọ́ kan nǹkan kan báyìí, ẹ̀rọ dún. Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Ìwọ náà pàtẹ́wọ́.

ÌYÀWÓ: Mo pàtẹ́wọ́ torí pé ẹ̀rọ dún!

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mo rí ọwọ́ ẹ. Ó ga ju ti gbogbo wọn lọ.

[Fèrè ọkọ̀. Ẹnì kan ń pariwo níta pé àwọn fẹ́ máa lọ.]

OHÙN ỌKÙNRIN: [Ó ń súnmọ́.] Ẹ gbé fóònù náà fún mi.

ÌYÀWÓ: Ọkọ mi, ẹ má ṣe—

OHÙN ỌKÙNRIN: Ẹ gbé e wá.

[Fóònù kúrò lọ́wọ́ kan, ó bọ́ sí òmíràn.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀sán.

[Bàbá Pọ́ńpù wúkọ́.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Èmi àti ìwọ ò jọ sọ̀rọ̀. Tó o bá ní ohun tó o fẹ́ mọ̀ nípa pọ́ńpù, bi pọ́ńpù.

ÀBÚRÒ: Ó dáa. Pọ́ńpù, ẹ kú ọ̀sán.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o!

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú. Ìnfátà méjì ló wà níwájú mi. Méjèèjì, ti pọ́ńpù ni, kò sí bátìrì nínú ìkankan. Size wọn ló yàtọ̀. Tó bá jẹ́ mọ́kànlá ni ẹ̀rọ yẹn ń fà lóòótọ́, kékeré á gbé e. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kékeré á máa gbé e, á máa jù ú sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn á jóná.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mọ́kànlá ni wọ́n kọ. Irin kì í purọ́.

ÀBÚRÒ: Irin kì í purọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a rà á, mọ́kànlá náà ni mo rántí. Àmọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ lè yí padà, kí irin má mọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnikẹ́ni ti tú ẹ̀rọ yẹn láti ìgbà tí mo ti lọ?

ÌYÀWÓ: [Láti ẹ̀gbẹ́.] Bush, òrùka kékeré inú ẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n yín ní àwọn pààrọ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi pààrọ̀ ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Bush. Ọjọ́ mẹ́rin.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mo ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ nígbà náà.

ÀBÚRÒ: Mi ò sọ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n.

[Bàbá Pọ́ńpù gbé fóònù kúrò lẹ́nu. Ẹ̀rọ ló ń bá sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn tó wà nílùú ò gbọ́. Fóònù tirẹ̀ gbà á sílẹ̀.]

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Má dójú tì mí. Nígbà tó o jóná mọ́ mi lọ́wọ́, ta ló yí wáyà tuntun sí ẹ nínú? Èmi ni. Wáyà ló tín-ín-rín jù, mo mọ̀. Wọn ò ní èyí tó nípọn nílẹ̀. Akọ̀wé ì bá dúró dè é. Èmi ò lè dúró. Kí wọ́n má baà ní kí n lọ pè é.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: [Ó padà sẹ́nu fóònù.] Mò ń gbọ́.

ÀBÚRÒ: Mi ò bèèrè ẹni tó tú u mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí bàbá wa ṣe máa ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó ní mítà. Tí ẹ̀rọ yẹn bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, tẹ́ ẹ wá ń ka ení, èjì, mélòó lẹ máa kà kó tó di pé ẹ yọwọ́?

ÌYÀWÓ: Kí lẹ̀ ń kà?

ÀBÚRÒ: Ìyàwó wa, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ̀gbọ́n, iye yẹn nìkan ni mo fẹ́. Mi ò ní bèèrè nǹkan mìíràn.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ogún.

ÀBÚRÒ: Ogún.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mo ní ogún. Ó tutù bí ìkòkò omi.

ÀBÚRÒ: Ó dáa. Ohun tẹ́ ẹ sọ ni màá gbà. Kékeré ni, nígbà náà. Mo máa dì í fún wọn.

[Wọ́n fa páálí lórí ilẹ̀. Wọ́n ń fa téèpù: grrà. Grrà.]

ÌYÀWÓ: [Ó ti gba fóònù padà.] Kékeré náà ni? Ó dá yín lójú, Bàbá wọn?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: O gbọ́ ohun tó sọ.

ÌYÀWÓ: Mi ò gbọ́ nǹkan kan tó yé mi. Ata mi ni mo mọ̀. Ẹsẹ̀ ẹgbẹ̀rin. Ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyí tí mo ti ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bu omi sí i ní ìkọ̀ọ̀kan. Èjìká mi ò ro mí mọ́, ó ti kọjá kó máa ro mí. Tí pọ́ńpù yìí bá tún lọ kú—

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mo mọ̀.

ÌYÀWÓ: Mi ò ní lè tún padà sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mò ń sọ fún yín. Màá fi oko náà sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mo ní mo mọ̀!

[Grrà. Grrà.]

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ní kó dúró.

ÌYÀWÓ: Ta?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Akọ̀wé. Ní kó dúró. Gbé fóònù sí i létí.

[Fóònù tún pa ọwọ́ dà.]

ÀBÚRÒ: Èmi rèé.

[Bàbá Pọ́ńpù ń mí. A lè ka èémí rẹ̀.]

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mẹ́ta.

[Téèpù dúró.]

ÀBÚRÒ: Mẹ́ta?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mo ní mẹ́ta. Lọ́jọ́ mìíràn, méjì. Ó ń jó mi lọ́wọ́.

ÀBÚRÒ: [Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.] Ó ti yé mi.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ó ti yé ẹ. Kíá báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni láti kékeré. Bàbá wa á sọ ìdajì ọ̀rọ̀, á ti yé ẹ, èmi á ṣì máa bèèrè. Wọ́n á wá wò mí báyìí.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n—

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Má fi ohùn yẹn bá mi sọ̀rọ̀. Ohùn àánú. Mi ò fẹ́ ẹ.

ÀBÚRÒ: Ó dáa. [Ó gbé ohùn sókè.] Ìyàwó wa, ẹ fi kékeré sílẹ̀. Ńlá ni kí wọ́n gbé sínú ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má so ó mọ́ pọ́ńpù o. Mò ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú mítà mi, ká wọn ohun tó ń fà gan-an, ká lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà tún fẹ́ wáyà... bóyá ó tún fẹ́ àtúnṣe díẹ̀.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: O ò ní wọ ilé pọ́ńpù mi.

ÀBÚRÒ: Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin lẹ máa di mítà mú. Èmi á kàn máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lé.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Kí n wá di ọmọṣẹ́ ẹ.

ÀBÚRÒ: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: O ò ní láti sọ ọ́. O kì í sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí.

ÌYÀWÓ: [Ó gba fóònù.] Ẹ dúró ná, ẹ dúró. Ta ló ń kú? Kí ni mẹ́ta? Kí ló dé tí mẹ́ta fi sọ kékeré di ńlá?

ÀBÚRÒ: [Láti ẹ̀gbẹ́.] Ẹ bi ọkọ yín.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin náà lọkọ mi, mo sì ń bi yín.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ẹ̀rọ. Tí wọn ò bá sọ ọ́, èmi ò gbọ́ ọ.

ÌYÀWÓ: Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀! Ọdún mẹ́fà lẹ ò fi sọ̀rọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa sọ ọ́, ẹ jọ pa ẹnu pọ̀ mọ́ mi. Bàbá wọn! Bush wo lẹ pààrọ̀ lọ́dún yẹn?

[Krr. Fèrè ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.]

ÌYÀWÓ: Bàbá wọn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mo gbọ́ ẹ.

ÌYÀWÓ: Ẹ sọ̀rọ̀, nígbà náà. Kí ni mẹ́ta?

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Gbé ńlá yẹn máa bọ̀. Ata ẹ ò ní kú.

ÌYÀWÓ: Ìyẹn kọ́ ni mo bèèrè.

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Ìyẹn ni mo mọ̀.

ÌYÀWÓ: Bàbá wọn, kí ni—

BÀBÁ PỌ́ŃPÙ: Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́.

[Krr.]

ÌYÀWÓ: Ṣé ẹ gbọ́ m—

[Ìpè já.]